Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Olóòtú Ìwé Atúmọ̀ Èdè: Ẹ Má Fi Orúkọ Kan Ṣoṣo Pe Gbogbo Ẹni Tó Kọ Ẹ̀sìn Sílẹ̀

Sí Olóòtú Àgbà àti ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀ tí ń tún ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ṣe,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ yín nínú lẹ́tà yìí. Ẹ mọ ara yín, àwọn tí wọ́n sì ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ níbòmíràn lè mú nínú ọ̀rọ̀ náà èyí tó bá kàn wọ́n.

Nínú ìwé ìlànà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àwa tí a ń bá yín yẹ àkọsílẹ̀ wò, ẹ pinnu pé àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ tí wọ́n fi ń pe ẹni tó kọ ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀ ti di ohun tí ẹnikẹ́ni kì í lò mọ́, pé wọ́n ń jẹ àyè lásán, àti pé nínú ẹ̀dà tuntun, “apẹ̀yìndà” nìkan ni kí a kọ síwájú gbogbo wọn. Ẹ to “apostate”, “renegade”, “runagate”, “recreant”, “miscreant”, “recusant” àti ìtumọ̀ àtijọ́ “pervert” sójú kan náà, ẹ sì fàlà pa “reneye” àti “wiðersaca” rẹ́ pátápátá. Mo kọ̀wé sí yín lórí rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Èsì tí mo rí gbà ni pé ìpinnu ti wáyé, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí i mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí gbangba.

Ohun tí mò ń sọ kò lọ́jú pọ̀. Ẹni tó kúrò nínú ẹ̀sìn kọ́ ló fún ara rẹ̀ ní àwọn orúkọ wọ̀nyí. Àwọn tó kù nínú ẹ̀sìn náà, tí agbára sì wà lọ́wọ́ wọn, ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan orúkọ ló ní ìgbà tirẹ̀, irú ènìyàn tí wọ́n fi pè, àti ìyà tó ń tẹ̀lé e. Bí ẹ bá pò wọ́n pọ̀, ẹni tó ń ka òfin àtijọ́, eré orí ìtàgé àtijọ́ tàbí lẹ́tà àwọn míṣọ́nnárì yóò dá ènìyàn lẹ́bi ohun tí onítọ̀hún kò ṣe, ìwé yín ni yóò sì jẹ́ ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ìkíní. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí ẹ fàlà pa. Kí àwọn ará Normandy tó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún ẹni tó kọ Kristi sílẹ̀, “wiðersaca” sì ni. “Wiðer” ni “lòdì sí”. “Sacan” ni kí a jà, kí a jiyàn, kí a fẹ̀sùn kan ènìyàn. Ọ̀tá tó kọjú ìjà sí Ọlọ́run ni ọ̀rọ̀ náà ń yà sójú ẹni, kì í ṣe ẹni tó kàn rìn kúrò. Òun ni wọ́n fi ń pe Julian, ọba Róòmù tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ẹ̀sìn Kristi, tó padà sídìí àwọn òrìṣà àwọn baba ńlá rẹ̀, tó sì kú sójú ogun ní 363. Láti inú “sacan” yìí kan náà ni “forsake” ti jáde. Ẹ wá wo ohun tí Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi “forsake” ṣe. Nínú Ìwé Àdúrà ti 1549, àlùfáà á béèrè níbi ìrìbọmi bóyá a kọ Sátánì àti iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ìdáhùn sì ni “I forsake them”. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 1662 ni “renounce” gba ipò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà, nígbà náà, ni wọ́n fi ń sọ pé ènìyàn kọ Sátánì sílẹ̀ àti pé ó kọ Kristi sílẹ̀. Kò sí ẹ̀gàn nínú ìṣe náà fúnra rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fi pe olùṣe rẹ̀ ni ẹ̀gàn wọ̀ sí. Ìyàtọ̀ yìí ni ìlànà yín kò fi àyè sílẹ̀ fún.

Ìkejì. Ó dà bí ẹni pé ẹ gbà pé “apostate” kò lè ní wàhálà, nítorí pé ó ṣì wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Òun gan-an ló ní wàhálà jù. Láti ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ló ti wá, ìdìtẹ̀ sí ìjọba tàbí sí olórí ogun sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń sọ, kí ó tó wọ inú ẹ̀sìn. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti inú èdè Látìnì, ẹni tí òfin mọ̀ jù lọ sí “apostata” ni mọ́ńkì tàbí obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ tó sá kúrò ní ilé ẹ̀sìn. Ìwé àṣẹ ọba kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ “de apostata capiendo”: bí mọ́ńkì bá sá lọ, olórí ilé ẹ̀sìn rẹ̀ á kọ̀wé sí ààfin, ọba á sì pàṣẹ fún aláṣẹ àgbègbè pé kí ó mú un, kí ó sì dá a padà fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ṣì ń gbàdúrà, tó ṣì ń gba ara Olúwa, tó sì gba gbogbo ohun tí ìjọ ń kọ́ni gbọ́. Ẹ̀jẹ́ àti ilé ni ó kọ̀, kò kọ Ọlọ́run. Bí ẹ bá kọ “apẹ̀yìndà” síwájú orúkọ rẹ̀, ẹ ti sọ ohun tí ilé ẹjọ́ ìgbà ayé rẹ̀ pàápàá kò sọ nípa rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni wọ́n fi dá ẹ̀mí ènìyàn légbodò. Ní 1222, nínú ìpàdé ìjọ tí Stephen Langton, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury, ṣe olórí rẹ̀ ní Oxford, wọ́n dá díákónì kan lẹ́jọ́ pé ó di Júù nítorí ìfẹ́ obìnrin Júù kan, wọ́n gba oyè àlùfáà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fà á lé ìjọba lọ́wọ́, wọ́n sì dáná sun ún. Ẹ fi mọ́ńkì tó sá lọ sílé bàbá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ fi díákónì yìí sí ẹ̀gbẹ́ kejì: orúkọ kan náà ni ìwé Látìnì fi pe àwọn méjèèjì. Atúmọ̀ èdè tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ fún òǹkàwé èyí tí a ń sọ.

Òfin náà kò sì kú kíákíá bí ẹ ṣe rò. Nígbà tí William Blackstone, amòfin Gẹ̀ẹ́sì, ń to àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kà sí ẹ̀ṣẹ̀ sí Ọlọ́run àti ẹ̀sìn nínú ìwé òfin rẹ̀ ní 1769, “apostasy” ló fi ṣáájú gbogbo wọn. Òfin tí wọ́n kà sí ti 1697 sọ pé ẹni tí a tọ́ dàgbà nínú ẹ̀sìn Kristi, tó wá ń sọ lẹ́nu tàbí nínú ìwé pé ẹ̀sìn náà kì í ṣe òtítọ́, kò gbọdọ̀ di ipò ìjọba mú mọ́. Bí wọ́n bá tún dá a lẹ́bi lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta ni. Wọ́n fi àyè oṣù mẹ́rin sílẹ̀ fún ẹlẹ́bi ìgbà àkọ́kọ́ láti wá kọ àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀ ní gbangba kóòtù, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì lò fún ohun tí yóò ṣe náà ni “renunciation”, tó ti inú “renounce” wá. Ẹni tí wọ́n mú nítorí pé ó kọ nǹkan sílẹ̀ ni wọ́n ní kó tún kọ nǹkan sílẹ̀. Ọdún 1967 ni wọ́n tó pa òfin náà rẹ́. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú òfin títí di ìgbà tí ọ̀pọ̀ òbí wa ti dáyé kì í ṣe ògbólógbòó tí a lè gbá dànù.

Ìkẹta. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ jù lọ, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ ti sọ di mẹ́ta tí kò mọ ara wọn. “Renegare” ni Látìnì ń sọ, ìyẹn ni kí a sẹ́ nǹkan. Faransé mú un, ó di “reneier”. Gẹ̀ẹ́sì mú un lọ́wọ́ Faransé, ó di “reneye”. Ẹ ní kí a yọ “reneye” nítorí pé kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ mọ́. Chaucer, akéwì Gẹ̀ẹ́sì, lò ó ní nǹkan bí ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, nínú ìtàn tí agbẹjọ́rò sọ nípa Custance, ọmọbìnrin ọba Róòmù tó jẹ́ Kristẹni, ọ̀nà tó sì gbà lò ó ni kò yẹ kí atúmọ̀ èdè kankan gbójú fò. Súlútáánì Síríà fẹ́ gba ìrìbọmi kí ó lè fẹ́ Custance. Ìyá Súlútáánì bínú, ó pe àwọn ìjòyè, ó ní ọ̀run àpáàdì ni wọ́n máa bọ́ sí “for we reneyed Mahoun oure creance”, ìyẹn ni pé nítorí a sẹ́ Mùhámmádù, ìgbàgbọ́ wa. Mùsùlùmí ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ yẹn, sísẹ́ ẹ̀sìn Mùsùlùmí láti di Kristẹni ló sì ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá nínú ìtàn kan náà, olè kan wọ inú ọkọ̀ Custance láti fipá bá a lò, Chaucer sì sọ pé ó jẹ́ ẹni tó ti “reneyed oure creance”. Ìgbàgbọ́ Kristẹni ni “creance” tibí yìí. Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹnu méjì, ẹ̀sìn méjì. Akéwì náà mọ̀ dájú pé ibi tí ènìyàn bá dúró sí ló ń sọ ẹni tó di asẹ́. Lẹ́yìn èyí ló pe olè náà ní “renegat”.

Láti ara “renegat” ni “runagate” ti yọ. Etí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ “run” nínú rẹ̀, wọ́n gbọ́ “agate” tó túmọ̀ sí lójú ọ̀nà, wọ́n sì gbàgbé sísẹ́. Asẹ́gbàgbọ́ di ìsáǹsá, ó di alárìnkiri. Nínú Sáàmù 68 bí Coverdale ṣe túmọ̀ rẹ̀, èyí tó ṣì wà nínú Ìwé Àdúrà 1662, a kà á pé Ọlọ́run “letteth the runagates continue in scarceness”. Bíbélì King James ti 1611 kò lo ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀, ọlọ̀tẹ̀ ló sọ, Bíbélì Yorùbá náà sì sọ ọlọ̀tẹ̀. Akọrin ìjọ Áńgílíkà tó ń kọ Sáàmù yẹn lédè Gẹ̀ẹ́sì, tó wá ṣí ìwé yín, “apẹ̀yìndà” ni yóò bá. Bẹ́ẹ̀ ọlọ̀tẹ̀ ni Sáàmù náà ń sọ, kò sọ pé wọ́n kọ ìgbàgbọ́ kankan sílẹ̀.

Ìpadàbọ̀ kejì ọ̀rọ̀ náà gba ojú omi wá. Ní òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yá “renegado” lọ́wọ́ àwọn ará Sípéènì, nítorí pé ohun tí wọ́n ń fi pè ti ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ tiwọn náà. Àwọn ajalèlókun láti Algiers, Tunis, Tripoli àti Salé, ní etí òkun Àríwá Áfíríkà, ń kó àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tilẹ̀ ń kó àwọn tó ń gbé etí òkun, lọ sí ìgbèkùn. Lára wọn, àwọn kan gba ẹ̀sìn Mùsùlùmí. Kì í ṣe ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn gbà dé ibẹ̀. John Ward, ọmọ Kent, lọ fúnra rẹ̀. Olè orí omi ni, ọba Gẹ̀ẹ́sì kò dárí jì í, ó bá tẹ̀dó sí Tunis, ó gba ẹ̀sìn tuntun, ó sì di Yusuf. Ní 1612 wọ́n tẹ eré orí ìtàgé kan jáde ní London, nínú èyí tí Ward ti kú ikú ẹ̀sín pẹ̀lú àbámọ̀. Irọ́ ni. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, William Lithgow, arìnrìn-àjò ọmọ Scotland, bá Ward jẹun nínú ilé ńlá rẹ̀ ní Tunis, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ó di 1622 kí ó tó kú. Àwọn tó wà nílé ló nílò pé kí “renegado” kú báyẹn, òun fúnra rẹ̀ kò rí ìdí kankan fún un.

Ẹ wá fi Joseph Pitts ti Exeter wé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni nígbà tí wọ́n mú un lórí omi ní 1678. Ọ̀gá rẹ̀ ní Algiers na án ní àtẹ́lẹsẹ̀ títí tó fi sọ gbólóhùn ìgbàgbọ́ Mùsùlùmí tí wọ́n ní kó sọ. Ó bá ọ̀gá mìíràn lọ sí Mẹ́kà, ó sá padà sílé, ó sì tẹ ìwé jáde ní 1704 nípa ohun tí ojú rẹ̀ rí. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, “renegado” ni Ward, “renegado” náà ni Pitts. Gbólóhùn kan tún wà tí wọ́n ń fi bú àwọn méjèèjì, “turn Turk”, bí ẹni pé ènìyàn kò lè di Mùsùlùmí láìdi ará Tọ́kì. Bẹ́ẹ̀ Salé wà ní Mòrókò, àwọn Tọ́kì kò sì fi ìgbà kan jọba níbẹ̀.

Kí ni ìjọ ṣe fún àwọn tó bá padà? Ní oṣù kẹta 1628, wọ́n wàásù méjì ní Minehead, ní Somerset, lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ti Algiers dé, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní 1637, nígbà tí William Laud jẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà, wọ́n ṣe ìlànà ìrònúpìwàdà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀: kí ó wọ aṣọ funfun, kí ó di ọ̀pá funfun mú, kí ó ṣí orí, kí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìjọsìn níwájú àwọn aládùúgbò rẹ̀. Orúkọ tí ìlànà náà pè é ni “renegado or apostate”. Mo ń béèrè lọ́wọ́ yín: bí òǹkàwé Yorùbá bá rí “apẹ̀yìndà” níbí, ǹjẹ́ yóò mọ̀ pé ẹni tí wọ́n nà ní àtẹ́lẹsẹ̀ lè wà lára wọn? “Renegade” tí a mọ̀ lónìí, tó túmọ̀ sí ọlọ̀tẹ̀ tó fi ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ti inú èyí wá, “renege” tí àwọn tó ń ta káàdì ń sọ náà jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Èyí kò le, ìlà kan ti tó fún un.

Ìkẹrin. N kò ní pẹ́ lórí “miscreant” àti “recreant”. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ hàn sí ẹni tó bá wò ó lẹ́ẹ̀kan. “Miscreant” ni ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ṣì, ìyẹn Mùsùlùmí, Júù tàbí aládàámọ̀ lójú Kristẹni ìgbà àtijọ́; kò kúrò níbi kankan, níbi tí wọ́n ti bá a ló ti ń jọ́sìn. Nígbà tó fi di òpin ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ló di orúkọ fún ọ̀bàyéjẹ́. “Recreant” ní tirẹ̀ wá láti ibi ìjà ìdájọ́, níbi tí ẹni méjì tí ń ṣe ẹjọ́ ti ń bára wọn jà, tí ẹni tó bá sọ pé apá òun kò ká a ti pàdánù ẹjọ́ àti iyì rẹ̀ láwùjọ. Ojo ni kó tó di asẹ́gbàgbọ́. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò pa irú ìjà bẹ́ẹ̀ rẹ́ nínú òfin títí di 1819.

Ìkarùn-ún. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ìlànà yín, “recusant” ló bí mi nínú jù. Ẹni tó kọ̀ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kí ni ó kọ̀? Ó kọ̀ láti lọ sí ilé ìjọsìn tí ìjọba yàn. Òfin 1559 gba pẹ́nì 12 lọ́wọ́ ẹni tí kò bá wá ní ọjọ́ ìsinmi tàbí ọjọ́ àjọ̀dún. Òfin 1581 sọ ọ́ di pọ́n-ún 20 lóṣù, owó tó lè run ìdílé onílẹ̀ pàápàá. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà tí ń sin Ọlọ́run bí baba àti baba ńlá wọn ṣe sìn ín. Ìjọba ló yí padà: Ọba Henry yí i, Ọba Edward yí i sí i, Ọbabìnrin Mary dá a padà, Ọbabìnrin Elizabeth tún yí i. Àwọn wọ̀nyí dúró sójú kan. Ẹ fẹ́ pe ẹni tí kò kúrò lójú kan ní apẹ̀yìndà! Kò tilẹ̀ dájú pé nítorí ẹ̀sìn ni gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà nínú àkọsílẹ̀ àwọn “recusant” kò fi lọ sí ilé ìjọsìn. Ní 1592, orúkọ John Shakespeare, bàbá òǹkọ̀wé eré tí gbogbo wa mọ̀, wà lára àwọn tí kì í wá sí ilé ìjọsìn ní Stratford, ìdí tí wọ́n sì kọ síbẹ̀ ni pé ó ń bẹ̀rù kí àwọn tó jẹ lówó má mú un.

Ẹ má sì sọ fún mi pé àwọn Kristẹni Gẹ̀ẹ́sì mọ apẹ̀yìndà dájú láàárín ara wọn. Òfin 1401 ló fàyè gba sísun aládàámọ̀. Ẹni tó bá gbà láti sẹ́ èrò rẹ̀ á ru ìdì igi ní gbangba, igi tí wọn ì bá fi sun ún, ìdí nìyẹn tí “bear a faggot” fi di ọ̀nà láti sọ pé ènìyàn sẹ́ èrò rẹ̀. Thomas Cranmer, tó ṣe olórí iṣẹ́ Ìwé Àdúrà tí mo mẹ́nu bà lókè, fọwọ́ sí ìwé pé òun padà sí ìjọ Àgùdà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta 1556, ó dìde ní gbangba, ó ní òun kó gbogbo rẹ̀ jẹ, wọ́n sì sun ún lọ́jọ́ náà. Ọwọ́ ọ̀tún tó fi kọ orúkọ ló kọ́kọ́ nà sínú iná. Lọ́dọ̀ ta ni ó ti di apẹ̀yìndà, lọ́jọ́ wo sì ni? Ìwé tí ẹ ń ṣe gbọ́dọ̀ lè ran ẹni tó ń bi ìbéèrè yìí lọ́wọ́.

Ìkẹfà. “Pervert” lè kó ìtìjú bá àwọn òkú. Lónìí, ẹni tó ń hùwà ìbálòpọ̀ tí kò bójú mu ni gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí, ṣùgbọ́n òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìtumọ̀ yẹn dé. Ṣáájú rẹ̀, ó jẹ́ ọ̀tá “convert”: ẹni tó bá wá sọ́dọ̀ wa ni “convert”, ẹni tó bá tọ̀dọ̀ wa lọ ni “pervert”. Lẹ́yìn tí àlùfáà John Henry Newman fi Ìjọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ lọ sí ìjọ Àgùdà ní 1845, tí Henry Manning tẹ̀lé e ní 1851, “pervert” ni àwọn alátakò wọn nínú ìjọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ń pe irú wọn, nínú ìwé ìròyìn àti lórí pẹpẹ. Ní ọdún 1860 sí 1869, àwọn kan tí ìjà náà ti sú gé orí ọ̀rọ̀ méjèèjì, wọ́n ń sọ “vert”, kí ọ̀rọ̀ náà má baà gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà lórí ọ̀rọ̀ yìí, òun nìkan ni mo rí tó gbìyànjú àìṣègbè, àwàdà ni wọ́n sì fi ń sọ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tó bá ka lẹ́tà míṣọ́nnárì ìgbà náà, tó rí “pervert”, tí ìwé yín kò sì fún un ní ìtumọ̀ àtijọ́ yẹn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, yóò ro ohun búburú sí ẹni tó kàn yí ìjọ padà.

Ìkeje. “Apẹ̀yìndà” tí ẹ fi bo gbogbo wọn ní ẹni tó ni ín. Nínú Bíbélì Yorùbá, nínú ìwé Jeremáyà orí kẹta, òun ló dúró fún “backsliding” ti Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì, Olúwa sì ń fi í pe Ísírẹ́lì padà wá sílé: ẹ yípadà, ẹ̀yin apẹ̀yìndà ọmọ. Ìpè ìyá àti ti bàbá wà nínú rẹ̀. Ẹni tó kẹ̀yìn sí ilé, tí ilé ṣì ń retí rẹ̀, ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ọmọ wa tí wọ́n di oníwàásù bá ṣiṣẹ́, ó sì rọrùn láti rí ìdí rẹ̀ nínú ìjọ tí ìdílé ṣì ń ṣe ọdún ìbílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan tí wọ́n sì ń lọ gba ara Olúwa ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí ẹ bá lò ó fún díákónì Oxford tí wọ́n sun, fún Ward tí kò fẹ́ padà, fún Àgùdà tí kò kúrò, ẹ ti gba ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, ẹ kò sì fún àwọn ìyókù ní nǹkan.

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: àyè kò sí, owó bébà ti gun òkè. Mo gbà pé bébà wọ́n. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìlànà kan náà, ẹ fi ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún sílẹ̀ fún orúkọ àwọn ohun èlò kọ̀ǹpútà tí yóò yí padà kí ìwé náà tó dé ọjà. Àwọn ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ kò ní yí padà mọ́.

Nítorí náà, àwọn ohun tí mò ń béèrè nìyí.

Kí ẹ dá àkọsílẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí àyè tirẹ̀, pẹ̀lú “reneye” àti “wiðersaca”, kí ẹ sì kọ ìgbà tí wọ́n lò ó síbẹ̀, ó kéré tán ọ̀rúndún rẹ̀.

Kí ẹ sọ ẹni tí ń fi orúkọ náà pe ẹni. Níwájú “renegado”, fún àpẹẹrẹ, ẹ lè kọ: orúkọ tí àwọn Kristẹni Yúróòpù ń pe Kristẹni tó di Mùsùlùmí, ìbáà ṣe tinútinú tàbí tipátipá. Níwájú “recusant”: ẹni tó kọ̀ láti lọ sí ilé ìjọsìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yàn, pàápàá ọmọ ìjọ Àgùdà. Níwájú “apostate”, kí ẹ ya ẹni tó kọ ẹ̀sìn sílẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó sá kúrò nínú ẹ̀jẹ́ ilé ẹ̀sìn.

Kí “apẹ̀yìndà” dúró síwájú “backslider”.

Kí “miscreant” àti “recusant” jáde kúrò nínú àtòkọ àwọn tó kọ ẹ̀sìn sílẹ̀, nítorí wọn kò sí lára wọn.

Kí ẹ fi àkọsílẹ̀ wọ̀nyí han ọmọ ìjọ Áńgílíkà kan, ọmọ ìjọ Àgùdà kan, Mùsùlùmí kan àti oníṣẹ̀ṣe kan tí wọ́n gbọ́ èdè méjèèjì dáadáa, kí ó tó di títẹ̀. Nínú ìgbìmọ̀ yín bó ṣe wà báyìí, gbogbo ẹni tí mo mọ̀ ló ti inú ìjọ kan náà wá.

Kí ẹ dá mi lóhùn ní gbangba bí mo ṣe kọ ọ́ ní gbangba, kí ẹ tó kó ojú ìwé lẹ́tà A, M, P àti R lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Bí ẹ bá ti kó wọn lọ, kí ẹ dá wọn dúró. Mo ti ṣe àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bí mo ṣe rò pé ó yẹ kí wọ́n rí, n kò sì ní gba kọ́bọ̀ lórí wọn. Ẹ ní kí n fi wọ́n ránṣẹ́, ẹ ó rí wọn gbà lọ́jọ́ náà.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Ọ̀kan lára àwọn ayẹ̀wéwò yín